Ara Màmá Ò Fi Bẹ́ẹ̀ Yá

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ilẹ̀ Hóláńdì kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ní yanrìn ni mò ń wò. Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní Odò-Ọ̀wà.

"Yanrìn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí omi tó ń ṣàn ṣe ń gbé e, ibi tó ń kó o jọ sí, ìdí tó fi ń kó o jọ síbẹ̀."

"Inú ulé ni o ti ń wò ó?"

"Inú ilé ni. Wọ́n ní ọpọ́n ńlá kan."

"Yanrìn tó wà lódò wa ńkọ́, ta ni wọ́n ní kó máa wo ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọlọ́un á bá ọ ṣe é. Uṣẹ́ òyìnbó!"

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín rẹ̀ tàn yín jẹ. Òun gan-an ló kọ́ mi. Láfún ni ìyá mi ń ṣe, odò ló sì ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sí. Kí n tó lọ sílé ìwé, èmi àti ẹ̀ á ti ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí a ti bó dé etídò. Á wọ omi dé orókún, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri. Ibi tí yanrìn bá ti le, tó sì tò bí ebè wẹ́wẹ́, omi ń sáré níbẹ̀, yóò gbé apẹ̀rẹ̀ lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti rì sínú ẹrẹ̀, omi ti kú níbẹ̀, láfún á rùn. Àárín méjèèjì ló ń wá. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dá, ibẹ̀ kì í sí níbi tó wà léṣìí mọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń kọ ebè sísàlẹ̀ odò. Ó ní kí n lọ bi omi. Mo bi í dé Ìlọrin, mo gba ìwé ẹ̀rí méjì níbẹ̀, mo sì bi í dé Hóláńdì.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi lójijì. Òtútù, wọ́n ti fi dẹ́rù bà mí tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èèyàn lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kó má sì kí i. Àwa ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá rí nídìí iṣẹ́ ni mo ń kí, ní èdè wọn, pé wọ́n ṣeun, iṣẹ́ náà dára. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọmọbìnrin kan rọra bi mí bóyá èmi ni wọ́n ní kó máa yẹ iṣẹ́ àwọn wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́. Kò sí ohun tó tètè ń sọ èèyàn di àlejò tó kí ẹnu rẹ̀ má rí iṣẹ́ ṣe.

Ọ̀gá mi, ọkùnrin gíga kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá mi, ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Orúkọ kẹ̀! Gbogbo àwọn tó kù ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún na ẹsẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi dípò, nítorí náà fún ọdún márùn-ún mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ó ń ba òun lẹ́rù.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ọpọ́n wa wà, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó gùn tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, dígí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, a sì tẹ́ yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rọ kan ń fa omi láti ìdí ọpọ́n padà sí orí rẹ̀, kó lè máa ṣàn láìdáwọ́ dúró. Bí omi bá ti ń kọjá, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í di ebè. Àwọn oníwèé ní orúkọ tiwọn fún un, èmi ń pè é ní ebè, mo sì ń pe àárín méjì ní poro. Hóró yanrìn á gun ẹ̀yìn ebè lọ, á dé orí, á yọ́ já bọ́ sí iwájú, òmíràn á tún gùn ún lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ebè fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn lọ síbi tí omi ń lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ bó ṣe ga tó, bó ṣe yá tó, àti ìgbà tí ebè ńlá máa gbé kékeré mì.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní fi ìtìjú pa á mọ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọ̀gá mi pé ebè méjì kan yóò di ọ̀kan kí a tó jẹun ọ̀sán, wọ́n sì di ọ̀kan. Ó pàtẹ́wọ́ ó sì pe gbogbo èèyàn wá wò ó. Mo sáré gòkè lọ pe ìyá mi.

"Wọ́n ti wá fún ọ ní ìwé dókítà náà?" ó bi mí.

"Rárá, Màmá. Ó kù."

"Hẹn. Parí ohun tí ọ bá lọ."

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nígbà gbogbo nìyẹn. Bí mo bá ní mo fẹ́ wálé wá ṣe Iléyá, á ní kí n parí ohun tí mo bá lọ. Bí mo bá ní àárò rẹ̀ ń sọ mí, á ní kí ló ń lé mi, ṣebí òun ò lọ síbì kan. Ara ohun tó fà á ni pé ní ọdún kẹta tí mo ti kúrò nílé, nígbà Iléyá, alùfáà ṣe àdúà fún "Dókítà wa tó wà lókè òkun," gbogbo yídì sì ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi mọ́ ní Odò-Ọ̀wà. Ráfíù àbúrò mi, tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàrin Ọ̀sí àti ìlú wa, kọ "Àbúrò Dókítà" sí ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́. Mi ò tíì di dókítà o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé, kí n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà yẹn?

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tèmi ò tiẹ̀ dùn, mi ò sì relé.

Ní ọdún karùn-ún, ìwé ìgbélùú mi parí. Mo kọ̀wé fún òmíràn. Wọ́n ní kò burú, kí n máa gbé, kí n máa ṣiṣẹ́, àwọn ń wò ó. Wọn ò tì mí mọ́lé. Wọ́n kàn sọ fún mi pé bí mo bá jáde kúrò nílùú láìgba òǹtẹ̀ kan lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò lè ṣèlérí pé màá tún wọlé, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni èèyàn sì ń dúró kó tó rí ọjọ́ tí wọ́n máa fún un ní òǹtẹ̀ náà. Ní àkókò yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú ọpọ́n. Omi tó rọra ń lọ ni, ó sì gbọ́dọ̀ ṣàn fún oṣù mẹ́ta láìdúró. Bó bá dúró, a ó tẹ́ yanrìn pẹrẹsẹ, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ti ń dúró de ọpọ́n náà lẹ́yìn mi. Láìsí iṣẹ́ yìí, kò sí ìwé. Láìsí ìwé, kò sí Dókítà.

Mo máa ń jókòó ti dígí náà, màá mú hóró yanrìn kan, màá máa fojú bá a lọ. Á gun ebè, á já bọ́ sí poro, àwọn mìíràn á ya lù ú, mi ò ní rí i mọ́. Ó lè wà lábẹ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, títí ebè náà á fi rìn kọjá lórí rẹ̀. Omi ń lọ, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, òun wà níbẹ̀. Ìgbà míì mo máa ń bínú sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan ni Ráfíù pè mí. Omi ti ṣàn fún oṣù méjì ó lé díẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òtútù ò pọ̀?"

"Kò pọ̀. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ara Màmá ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá."

Mo dìde dúró. "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò le, Àǹtí. A ti gbé wọn wá sí Ìlọrin. Ẹ kàn máa bá wa ṣe àdúà."

"Fún wọn ní fóònù."

"Wọ́n ń sinmi."

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa mọ ohun tí mo gbọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Nígbà tí bàbá mi kú, Ìlọrin ni mo wà, wọ́n ní kí n wá, pé ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti gbá àgbàlá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú ní Èrúkù, ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, ibà ni wọ́n sọ fún un. Èmi fúnra mi ti jẹ́ irú iṣẹ́ yìí rí, mo mọ bí a ṣe ń mú ohùn sọ ọ́. Ara ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ máa ṣe àdúà. Wọ́n ń sinmi. Ráfíù sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Ẹni tó bá sì gbọ́ irú rẹ̀ kì í bi oníṣẹ́ léèrè mọ́, kó má baà fi tipátipá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," mo ní.

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi," ó ní, ó sì pa fóònù.

Mo lọ sí yàrá mi. Mo ṣe àlùwàlá. Mo kọjú sí gábàsì, mo kírun òkú fún ìyá mi, kábárà mẹ́rin lórí ìdúró, láìtẹ̀, láìforíkanlẹ̀. Èmi nìkan ni ìmáàmù, èmi nìkan ni èrò ẹ̀yìn. Mo sunkún débi pé obìnrin tó ń gbé yàrá kejì kanlẹ̀kùn.

Nígbà tí mo sunkún tán, nǹkan kan fò kúrò lára mi. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ara mi fúyẹ́. Mo ní, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí mọ́. Kò sí Iléyá tí màá máa purọ́ pé mo fẹ́ wálé wá ṣe mọ́. Mo lè wà níbí títí ebè yóò fi rìn dé ìdí ọpọ́n. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo mọ̀ pé ìyá mi ti kú, ara mi sì fúyẹ́. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí di báyìí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ̀gá mi. Mo ní ìyá mi ti kú. Ó dìde, ó ní kí n lọ sílé kíá, òun á ní kí ẹnìkan bá mi ṣọ́ ọpọ́n, pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú, àwọn onífìsà máa ń yára fún èèyàn ní òǹtẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo ní Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ náà gan-an la máa ń sin òkú, ó ti wọlẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe.

"Àwọn èèyàn rẹ ńkọ́?" ó ní.

Mo ní omi ò gbọdọ̀ dúró. Ó wò mí bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mú òdòdó wá àti káàdì tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Mo gbé òdòdó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìpè ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ráfíù pè. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè. Òmíràn tún pè. Mi ò gbé ọ̀kankan. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ bá mi kẹ́dùn ni, wọ́n fẹ́ wá tú u fún mi wàyí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ létí mi. Bí ìpè ṣe ń pọ̀ sí i ló túbọ̀ ń dá mi lójú. Mo dojú fóònù délẹ̀, mo ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà ju bí mo ṣe ṣiṣẹ́ rí lọ.

Àmọ́ èèyàn kì í pàdánù fídáù ìyá rẹ̀. Nígbà tó pé ọjọ́ kẹjọ, mo wo agogo ilé, mo ní wọ́n á ti kírun ọ̀sán tán, àwọn alùfáà á ti jókòó. Mo pe Ráfíù, kó kàn gbé fóònù sí àárín wọn, kí n lè máa ṣe àmín.

"Ta nìyẹn?" ohùn ìyá mi ní.

Mo wo ojú fóònù. Nọ́ńbà Ráfíù ni mo pè lóòótọ́.

"Ráfíù ti lọ ra oògùn. Ta nìyẹn kẹ̀?"

"Màmá?"

"Hà! Ọmọ mi! Kí ni mo ṣe ọ? Mo ní kí Ráfíù pè ọ́, mo ní kí nọ́ọ̀sì pè ọ́, mo ní kí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi fóònù ẹ̀ pè ọ́. O éè gbé e!"

Ẹkún gbé mi. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́, pé mo rò pé ó ti kú. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ó rọra ń bọ̀, ó lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ló pa mí?"

"Ráfíù ní ara yín ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Ara mi éè fi bẹ́ẹ̀ yá náà ni!"

"Ó ní ẹ ń sinmi."

"Oorun ni mo ń sùn! Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́!" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ọ wáá sunkún?"

"Mo sunkún, Màmá."

"O kírun sí mi lára?"

"Mo kí i."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọjọ́ wo ni ọ wáá fẹ́ dé síbi òkú náà?"

Ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì kan lọ nílẹ̀.

"Hẹn," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "O éè í bọ̀."

"Màmá, mo rò pé ẹ ti wọlẹ̀ ni, mo ní kò sí ohun tí mo lè—"

"Mọ gbọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó sọ fún mi pé apá ọ̀tún òun àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé mọ́, pé àwọn dókítà ní ó lè bọ̀ sípò, ó sì lè má bọ̀, àti pé wọ́n ní bó bá tún ṣe òun lẹ́ẹ̀kejì, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ó sọ ọ́ gbangba gbàǹgbà, kò fi aṣọ kan bò ó. Mo dúró kó ní kí n parí ohun tí mo bá lọ.

"Wálé," ó ní. "Wálé, kí mo rí ọ."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ọpọ́n. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Ebè kan wà láàárín gan-an tí mo ti ń ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ga ju èyíkéyìí tí a rí rí nínú omi jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúró wò ó. Mo ro ti òǹtẹ̀ tí mi ò ní, tí mi ò sì lè dúró dè. Mo ro ti àmín gbogbo yídì. Ẹnìkan lè bá mi ṣọ́ ọpọ́n lóòótọ́, àmọ́ mo mọ ara mi, bí omi bá ṣì ń ṣàn, mi ò ní lọ. Mo wá na ọwọ́, mo pa ẹ̀rọ.

Ariwo rẹ̀ ti wà létí mi pẹ́ débi pé ìgbà tó dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ariwo ni. Omi rọra dúró. Hóró tó wà lórí ebè dúró síbi tó wà.

Ọ̀gá mi ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láti òkè. Ó sáré wọlé, ó wo ọpọ́n, ó wo ọwọ́ mi tó ṣì wà lára bọ́tìnì. Kò pariwo. Ó ní ó yé òun, ọ̀fọ̀ kì í tètè kan èèyàn lára, pé kí n lọ síbi òkú ìyá mi.

"Ìyá mi ò kú," mo ní. "Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."